Ta Ló Ń Gbé Inú Fóònù Yìí

Àdúgbò Òfin ní Ṣágámù ni mo gbé ń ṣòfin,
ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín,
lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì bàbá ìyá mi,
níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti máa ń dúró díẹ̀
bí mo bá gbé fóònù lé ojú fèrèsé.

Ẹgbẹ́ alájẹsẹ́kù àwọn olóbì ló gbéṣẹ́ fún mi:
kí n da ìwé ńlá Bàbá Odùnúgà,
ìwé tí ikán ti jẹ létí,
kí n dà á sínú áàpù,
kí n kọ́ àká fún un nínú àwọsánmà
níbi tí ikán kò lè dé.
Mo kọ́ ọ.
Ikán kò dé ibẹ̀ lóòótọ́.

Àwọn tó yá wa ní àká bi mí lọ́jọ́ àkọ́kọ́:
ta ni kó máa wọlé?
Mo yan ìdánwò, ọgbọ̀n ọjọ́ gbáko:
ẹnikẹ́ni lè kà, ẹnikẹ́ni lè kọ.
Mo ní tó bá yá, màá padà wá tì í.
Tó bá yá!
Ọ̀rọ̀ yẹn ti sọ ọ̀pọ̀ ilé dahoro.

Ọjọ́ kọkàndínlógún,
Ìyá Rẹ̀mílẹ́kún dé ìsọ̀ obì ní Sábó,
ẹnìkan kí i pé: "Ẹ kú ìnáwó ẹsẹ̀ o."
Ṣíjúwadé ní: "Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́sàn-án, àbí ó ti dín?"
Ẹ̀gbọ́n kò mọ̀, àbúrò kò gbọ́
pé ó yáwó nígbà tí ọ̀kadà ṣẹ́ ọmọ rẹ̀ lẹ́sẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́.
Ó gun àtẹ̀gùn wá bá mi,
ó fi áńkáṣíìfù wé fóònù rẹ̀ bí ẹni wé egbò.
Kò bínú. Ìyẹn ló dùn mí jù.
Ó ní: "Ọmọ mi, ta ló ń gbé inú fóònù yìí
tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ mi?"

N kò lè sọ fún un pé kò sí ẹnì kankan,
pé ìlẹ̀kùn ni n kò tì.

Lóru ọjọ́ yẹn mo ti gbogbo rẹ̀ pa:
ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ.
Áàpù dákẹ́ lórí fóònù igba ènìyàn ó lé mẹ́tàlá.
Ìgbà tí a tilẹ̀kùn tán ni a tó mọ ẹni tó nílé.
Mo wá ń ṣí i, díẹ̀díẹ̀.
Olówó, kó rí tirẹ̀, tirẹ̀ nìkan.
Akápò lè kọ owó tó ń wọlé,
kò lè pa èyí tó ti wọlé rẹ́;
àná kì í ṣe ti ẹnì kankan láti tún kọ.

Alága pè mí ní aago mẹ́fà ìdájí:
"Ṣé èmi náà wà lára wọn?"
Mo ní ẹ̀yin náà, sà.
Ẹ ó rí àròpọ̀, ẹ kò ní í rí orúkọ.
Ó dákẹ́ títí.
Ó ní, "Alága kí ni wọ́n wá fi mí jẹ?"
Ó gé ìpè.

Mo dán ìlẹ̀kùn wò.
Mo pe ara mi ní Ṣíjúwadé, mo kànkùn gbèsè ìyá:
rárá.
Mo pe ara mi ní alága: rárá.
Mo pe ara mi ní àlejò tí kò lórúkọ,
kò tilẹ̀ jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀.
Mo pe ara mi ní Ìyá Rẹ̀mílẹ́kún.
Ó ṣí.
Mo yáa yíjú.

Ohun tí n kò sọ fún màmá nìyí:
kọ́kọ́rọ́ kan ṣì wà tí òfin kì í bi léèrè,
kọ́kọ́rọ́ ẹni tó kọ́ àká.
Ọwọ́ mi ló wà.
Mo kọ ọ́ sórí pépà, mo pa ti inú kọ̀ǹpútà mi rẹ́,
mo gbé e lọ fún Bàbá Odùnúgà.
Bàbá wò ó, kò kà á,
ó fi há àárín ìwé àtijọ́ tó ń rùn bí ilẹ̀ òjò.
Mo ní, bàbá, ikán wà níbẹ̀.
Ó ní, "Ikán kò mọ̀wé."